Omi tí ẹnikẹ́ni kò jogún: ìtàn ọ̀nì láti odò Ofè dé inú igbó ẹ̀gbà

Ìtàn odò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n orí ogún pínpín ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló mọ ohun tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, nípa bí àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà ṣe pín ogún. Olówu mú aṣọ, Alákétu mú adé, Ọba Bìní mú owó, Ọ̀ràngún mú àwọn ìyàwó, Olúpópó mú ìlẹ̀kẹ̀, Oníṣábẹ̀ẹ́ wa sì mú ẹran ọ̀sìn. Ilẹ̀ nìkan ló kù fún Ọ̀rányàn. Láti kékeré ni inú mi ti máa ń dùn pé màlúù ló kan àwa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ṣàkíyèsí ohun kan: wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n tilẹ̀ pín ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dárúkọ omi. Ta ló jogún odò? Ta ló jogún ọ̀sà? Ta ló jogún ohun tó ń gbé inú wọn?

Mo mọ̀ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ṣe ìwé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn, nítorí pé láti nǹkan bí àádóje ọdún ó lé, ìwà tí gbogbo wa ń hù sí omi ni ìwà ẹni tó rí ohun tí kò ní olówó.

Odò tí ìwé ìjọba ń pè ní Ouémé, Ofè ni àwa ń pè é ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó gba ìwọ̀-oòrùn ìlú wa kọjá. Ọ̀párá ló gba ìlà-oòrùn, òun náà ló sì di ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà fún ọ̀nà tó jìn díẹ̀. Ẹni tó bá wo orúkọ àwọn àgbègbè tó para pọ̀ di kọ́múùnù Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí yóò rí orúkọ odò méjèèjì níbẹ̀, Ofè àti Okpara, bí ẹni pé àwọn àgbà fẹ́ rí i dájú pé a kò gbàgbé.

Ofè gùn tó kìlómítà 510. Láti orí ilẹ̀ gíga tó wà lápá Djougou ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, Ọ̀párá dà pọ̀ mọ́ ọn, odò Zou náà dà pọ̀ mọ́ ọn, ó wá la ilẹ̀ àwọn Wèmè já títí ó fi tú sínú adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti ọ̀sà Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi lè gba Àgbádárìgì dé Èkó láìfojú kan òkun. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Èkó tó ń ka èyí, omi tí màlúù wa mu ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ yín láìmú páṣípọ́ọ̀tù lọ́wọ́.

A máa ń pa á lówe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ èyí tó sọ̀rọ̀ nípa odò tó gbàgbé ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tó ń lọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí Ofè tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Kì í sọ pé ọ̀nì wà níbẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Onílé ti dé.” Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kì í lọ. Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, mo bá àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lálẹ́, iná fóònù ni wọ́n fi ń ríran. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti fojú rí ọ̀nì rí. Ọ̀kan nínú wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, lórí YouTube.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan ọ̀nì odò Ṣábẹ̀ẹ́ kan igbó ẹ̀gbà tó wà ní etí òkun, níbi tó jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí orí kókó yìí ni gbogbo ìtàn náà dúró lé.

Ẹ̀gbà ni igi tó ń hù níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń pàdé, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn, tó fi dúró lórí ẹrẹ̀. Palétuvier ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é. Láàrin gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni ẹja kéékèèké, edé àti alákàn ti ń dàgbà kí wọ́n tó jáde sínú ọ̀sà tàbí òkun. Ibi tí ẹja bá pọ̀ sí ni ọ̀nì ń wá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì ti rọrùn láti tẹ̀ ni ọmọ ọ̀nì ti ń rí ibi fara pamọ́ sí.

Ọ̀nì ní ohun kan lórí ahọ́n tó ń ti iyọ̀ jáde kúrò lára rẹ̀, nítorí náà àgbà ọ̀nì lè fara da omi oníyọ̀. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀; omi tí kò ní iyọ̀ ló ń wá. Omi wo ló wá ń ti iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà lọ́dọọdún? Omi wa ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa lókè, tí Ofè kún, ìkún omi yẹn á sọ̀ kalẹ̀ dé Nokoué, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá iyọ̀ inú adágún náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí Ofè fà, òkun á tún ti iyọ̀ tirẹ̀ wọlé. Àlọ àti àbọ̀ yìí ni ẹja, edé, ẹ̀gbà àti ọ̀nì fi ń ka ọdún. Ẹni tó bá fọwọ́ kan án lókè ti fọwọ́ kan án nísàlẹ̀.

Ní ti ẹyin, etídò oníyanrìn ni ọ̀nì odò ń gbẹ́ ihò sí, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, ó ń bò ó, ó sì ń dúró tì í fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bá yé ẹyin náà, kò tíì sí akọ kò tíì sí abo nínú wọn. Bí ihò yẹn bá ṣe gbóná tó ni yóò sọ ohun tí wọn yóò jẹ́. Ẹ wá wo ẹni tó ro oko rẹ̀ dé eteetí omi, tó gé gbogbo igi tó ń ṣíji bò ó. Kò yìnbọn, kò dẹ okùn, kò sì bá ọ̀nì kankan jà, síbẹ̀ ó ti pa ìran kan.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé àwọn baba ńlá wa jẹ́ olùṣọ́ ọ̀nì. Wọ́n pa á. Wọ́n jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n fi awọ rẹ̀ ṣe nǹkan, wọ́n fi ara rẹ̀ ṣe oògùn. Níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n gbà pé májèlé ni òróòro ọ̀nì, tó fi jẹ́ pé bí ọdẹ bá pa ọ̀kan, ojú àwọn ẹlẹ́rìí ló ti ń da òróòro náà nù, kí wọ́n má bàa fura sí i nígbà tí ẹnìkan bá kú ládùúgbò. Ẹ̀rù ọ̀nì bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n, nítorí òun náà a máa gbé ọmọ ènìyàn lọ.

Ṣùgbọ́n pípa tí wọ́n ń pa á ní òdiwọ̀n. Ibú kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dẹ̀ ẹ́. Ìdílé kan wà tí ọ̀nì jẹ́ èèwọ̀ fún. Ẹ wo ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àwọn ààfin wa, ẹ óò rí i níbẹ̀ láàrin àwọn jagunjagun àti ẹlẹ́ṣin. Ní Bazoulé, ní ìtòsí Ouagadougou, àti ní Paga tó wà ní ààlà Gánà, ènìyàn àti ọ̀nì jọ ń lo adágún kan náà títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í pa á. Irú ọ̀nì tiwa gan-an ni. Ní Ìbàdàn ńkọ́? Àgbàlá Délésọ̀lú ní Òjé ti ní ọ̀nì tirẹ̀ láti nǹkan bí 1940, àwọn àlejò ń lọ wò ó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ọ̀nì inú àgbàlá kì í ṣe ọ̀nì inú odò.

Ohun tó dojú ọ̀rọ̀ rú ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, láti 1885 sí 1900. Ohun mẹ́ta ni, ibi mẹ́ta ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ní 1885, àwọn Faransé la yanrìn tó wà láàrin adágún Nokoué àti òkun ní Kútọ́nù, kí ìkún omi má bàa gbé ibùdó wọn lọ. Ìkún omi wo? Ìkún omi Ofè, tó ti òkè ọ̀dọ̀ wa wá. Kí wọ́n tó la ibẹ̀, adágún náà kì í fi gbogbo ìgbà bá òkun sọ̀rọ̀ tààrà. Láti ọjọ́ náà ni iyọ̀ ti rí ọ̀nà ńlá gbà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní ìtumọ̀ Kútọ́nù ní èdè Fọ̀n ni ẹnu odò ikú. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò mọ̀ pé àwọn àlejò yóò wá gbẹ́ ẹnu mìíràn fún un.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Ẹ mọ ìyókù. Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu bọ́ sí ọwọ́ kan, àwọn ọmọ ìyá wa bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé wọ́n la omi náà sí méjì. Ọ̀sà kan náà, láti Àjàṣẹ́ dé Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ní òfin méjì, ọlọ́pàá méjì, èdè ìjọba méjì.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1900, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Potogí, Sípéènì àti ti Kóńgò tó wà lábẹ́ Ọba Léopold péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan láti dáàbò bo ẹranko igbó, ẹyẹ àti ẹja Áfíríkà. Kò sí aṣojú ìjọba Áfíríkà kankan lórí ìjókòó. Ẹ gbọ́ orúkọ àdéhùn náà dáadáa: ìdáàbòbò ni. Wọ́n to ẹranko sí ìpele-ìpele bí ọmọ ilé ìwé. Àgùnfọn àti ìnàkí wà nínú àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí iye wọn dín kù: kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn, ìkookò, ọ̀nì, ejò olóró, erè. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ ní pàtó pé kí wọ́n máa ba ẹyin ọ̀nì jẹ́, àti ti erè pẹ̀lú. (Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn tó ń bọ Dàngbé ní Ouidah, kí ẹ wá padà wá ròyìn ohun tí ojú yín rí.)

Àdéhùn 1900 yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i ló padà wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú rẹ̀ kò kú. Èrò náà ni pé ẹranko rere wà, ẹranko búburú wà, àwọn tó ń ṣọdẹ fún fàájì ló sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ ọ̀nì wọ inú ìwé àwọn aláṣẹ nípa ẹranko Áfíríkà lápapọ̀, ẹyin rẹ̀ ni ìwé náà ń béèrè. Nígbà tí kò ní ìwé, ó ní ibú tí ẹnikẹ́ni kì í dẹ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, awọ ọ̀nì di ọjà olówó iyebíye ní Yúróòpù: báàgì, bàtà, bẹ́líìtì. Ìbọn ti wà, iná tọ́ọ̀ṣì náà dé. Ẹni tó bá ti tan iná sí ọ̀nì lóru mọ ohun tí mò ń wí. Ojú rẹ̀ á tàn pupa bí ẹyín iná, ọdẹ kò tún ní láti máa wá a kiri. Jákèjádò Áfíríkà ni wọ́n pa á báyìí, ní ọdún bí ogún péré, ju bí àwọn baba ńlá ṣe pa á lọ. Àwọn tó ra báàgì kò sì ní orúkọ nínú ìtàn. Ọdẹ tó ta awọ nìkan la máa ń bú.

Ìwé tún wá yí padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1973, ní Washington, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn CITES lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó ń parẹ́ lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ní 1974, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì wọlé ní 1984. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1985. Ti Bẹ̀nẹ̀ lórí ẹranko igbó jáde ní 2004. Ọ̀nì tó jẹ́ ọ̀tá ní 1900 wá di ẹni tí wọ́n kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣòwò rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá sí etídò wá ṣàlàyé fún apẹja ìdí tí ìwé fi yí ohùn padà.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ kí ìnira ọ̀nì wa pẹ́ kó tó hàn síta: orúkọ. Ní 1807, onímọ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Étienne Geoffroy Saint-Hilaire, tó ti bá Napoléon lọ sí Íjíbítì, sọ pé ọ̀nì méjì ló wà ní Áfíríkà, kì í ṣe ọ̀kan. Ó rí òkú ọ̀nì tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi oògùn pa mọ́ kó má bàa jẹrà, ó rí i pé ó yàtọ̀ sí ọ̀nì Náìlì, ó sì sọ ọ́ ní suchus, orúkọ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe Sobek, òrìṣà ọ̀nì wọn. Cuvier, ọ̀gá onímọ̀ ìgbà náà, kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ náà sì sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì. Ní 2003, àwọn onímọ̀ tó yẹ DNA wò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkùnrin yẹn kò ṣìnà. Ní 2011, wọ́n yẹ DNA àwọn òkú ọ̀nì Íjíbítì wọ̀nyẹn pàápàá wò, suchus ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀nì Ofè, ọ̀nì Bazoulé, ọ̀nì Paga, òun náà nìyẹn. Ó kéré ju ti Náìlì lọ, wọ́n sì ní kò le bíi tirẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà Íjíbítì fi yan òun láti máa sìn nínú tẹ́ńpìlì.

Ẹ wá ro ohun tí àṣìṣe orúkọ lè fà. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì, tí ẹnìkan bá ní ọ̀nì ń tán ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n lè dá a lóhùn pé ó ṣì pọ̀ bẹẹrẹ ní ìlà-oòrùn àti gúúsù. Ẹranko mìíràn ni wọ́n ń kà mọ́ tiwa. Ọ̀nì méjì mìíràn tún wà ní agbègbè wa: èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti wà nínú àwọn tí ewu ìparẹ́ wọn le jù lọ lágbàáyé láti 2014, àti ràrá inú wọn, èyí tó ń gbé inú irà àti igbó ẹ̀gbà, tí kì í gùn tó mítà méjì. Ewé jíjẹrà ni àwọn méjèèjì ń kó jọ láti fi ṣe ìtẹ́ ẹyin wọn. Níbi tí kò bá sí igbó létí omi, kò sí ewé.

Mo ti ń pẹ́ lórí ọ̀nì, ẹ jẹ́ kí n padà sí ẹ̀gbà. Ta ló gé e?

Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin ni ó ń se iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ha ilẹ̀ tó ti gba iyọ̀ jọ, wọ́n á rọ omi lé e lórí nínú agbọ̀n, omi iyọ̀ á ro, wọ́n á gbé e ka iná títí omi yóò fi gbẹ. Iṣẹ́ yìí ti wà kí Faransé tó dé. Igi ni iná ń jẹ, ẹ̀gbà ló sì wà nítòsí. Igi yìí kan náà ni wọ́n fi ń yan ẹja, wọ́n sì fi ń kọ́lé nítorí pé kì í tètè jẹrà. Nígbà tí ènìyàn kò pọ̀, ẹ̀gbà máa ń hù padà. Nígbà tí Kútọ́nù wá di ìlú ńlá tó ń jẹ ẹja yíyan lójoojúmọ́, kò rí àyè hù mọ́. Mo ti gbọ́ àwọn tó ń bú àwọn obìnrin yẹn. Ẹni tó bá ní kí ìyá oníyọ̀ má dáná ẹ̀gbà mọ́, tí kò sì sọ ohun tí yóò fi dáná, ariwo lásán ló ń pa.

Ní apá Pópó, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1987, ìsédò Nangbéto bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tógò láti pèsè iná mànàmáná fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. A jẹ àǹfààní iná náà, mi ò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n odò tó máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wá ń ṣàn yípo ọdún. Iyọ̀ tí ẹ̀gbà ń retí kò wá mọ́ ní àkókò rẹ̀. Ẹ rí i bí ayé ṣe rí: ní Kútọ́nù, iyọ̀ ló wọlé jù, ní Pópó, omi odò ló wá lásìkò tí kò yẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ nìkan kọ́ ló kan Olúpópó nínú ogún.

Ìròyìn rere wà lápá ibẹ̀, ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni mo gbé wá. Ní ọdún 2000, Bẹ̀nẹ̀ fi ibi méjì sábẹ́ àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ olómi: ìsàlẹ̀ odò Ofè pẹ̀lú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Nokoué ni ọ̀kan, ọ̀sà etí òkun àti adágún Ahémé ni èkejì. Ní 2017, UNESCO gba ẹnu odò Mono wọlé gẹ́gẹ́ bí ibi ìdáàbòbò tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ni. Èyí tó wú mi lórí jù lọ kò sí nínú ìwé kankan tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Bouche du Roy, ẹgbẹ́ Eco-Bénin àti àwọn ará abúlé jókòó pẹ̀lú àwọn olórí ìṣẹ̀ṣe, wọ́n sì fa àwọn apá kan nínú igbó ẹ̀gbà lé Zángbétò lọ́wọ́. Lẹ́yìn ètùtù, igi ibẹ̀ di èèwọ̀. Àwọn tí kò bẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ igbó bẹ̀rù Zángbétò. Àwọn obìnrin, ọkùnrin àti ọmọ ilé ìwé sì ń gbin ẹ̀gbà sínú ẹrẹ̀ ní àwọn ibi tó ti ṣófo.

Ẹ ò rí i pé ibú tí wọn kì í dẹ̀ ló tún padà wá?

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ̀yin lẹ ni igbó ẹ̀gbà tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà, ó sì ní ọ̀tá tí kò sí ní ọ̀dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀: ọ̀pẹ nípa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá láti Éṣíà sí Calabar ní 1906, tó ti ń gba àyè ẹ̀gbà títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nì láìrìn jìnnà ní Èkó lè lọ sí ọgbà ìdáàbòbò tó wà ní Lẹ́kí láti 1990. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a gun odò padà sí Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ẹja Ofè wò, wọ́n bá àjẹkù oògùn apakòkòrò nínú rẹ̀, irú èyí tí a ń fín sí òwú. Àjẹkù yẹn kì í dúró sí ọ̀dọ̀ wa. Ó ń bá ìkún omi lọ sísàlẹ̀, sí ibi tí ọmọ ẹja àti ọmọ ọ̀nì ń dàgbà sí. Àwọn tó ń gbin ìkòkò oògùn yẹn sẹ́bàá odò kì í ṣe ènìyàn burúkú, èmi náà ti fín in rí lóko bàbá mi, etídò ni mo sì ti fọ agolo rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ibi tí mo ń fọ̀ ọ́ sí ni orí tábìlì oúnjẹ ẹlòmíràn.

Ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ ń kó? Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ló jọ dá a sílẹ̀, wọ́n jọ fi owó sí i, nígbà tí àwọn tó dàgbà nínú wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìyẹn fi hàn pé ìjọba méjèèjì lè jókòó sórí tábìlì kan nítorí ìrèké. Ọ̀párá wà láàrin wọn, ọ̀sà wà láàrin wọn, ó yẹ kí wọ́n lè jókòó nítorí omi náà.

Màlúù wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní agbègbè Nìkì, níbi tí ìjọba ti sé omi kéékèèké fún àwọn darandaran, ọ̀nì wọ inú àwọn adágún wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀, ó sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú màlúù, apẹja àti àwọn tó ń pọn omi. Ìjà máa ń wà. Ó máa ń ya àwọ̀n, ó máa ń gbé ọmọ ẹran nígbà mìíràn. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ kó lọ. Wọ́n ní níbi tí ọ̀nì bá wà, omi kì í gbẹ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè sọ pé òdìkejì ni, pé ibi tí omi kì í gbẹ ni ọ̀nì ń dúró sí. Màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ìyá mi àgbà ti rèwàlẹ̀ àsà. Mi ò bi í rí ìdí tó fi ń pe ọ̀nì ní onílé, mo rò pé ó kàn ń dẹ́rù bà wá ni. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí bàbá yín ṣì wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò yín, tí wọn kò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lálẹ́? Ibú wo ni wọn kì í dẹ̀? Àti ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ̀yin Ìlàjẹ, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ẹ̀bá ẹ̀gbà, ṣé orúkọ tí a ń pè é náà nìyẹn lọ́dọ̀ yín, àbí ó ní òmíràn?